Kí A Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Tábúlẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni, kí onítọ̀hún rántí pé inú owó oṣù wa ni wọ́n ti fẹ́ yọ owó rẹ̀.

Ní ìpàdé àpapọ̀ tó ń bọ̀, a óò dìbò lórí àbá tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa gbé wá, pé kí ẹgbẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́, kí a sì máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12. Àbá náà dára. Àwọn ọmọ wa nílò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́, àwọn awakọ̀ wa nílò rẹ̀ fún iṣẹ́, àwa tí a ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ náà nílò rẹ̀. N kò lòdì sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan títí a ó fi mọ orúkọ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ohun tí a fẹ́ rà, tí a ó sì fi ọwọ́ ara wa dán an wò. Òkèèrè kọ́ ni a ti í mọ dídùn ọbẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo báyìí? Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi gan-an ti jìn sí kòtò yìí. Ọmọbìnrin mi ń múra ìdánwò JAMB. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti 2015 ni wọ́n ti fi ìdánwò orí bébà sílẹ̀ pátápátá, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe é. Mo rò ó pé ọmọ tí kò bá fi ìbéèrè orí ẹ̀rọ dánra wò nílé, ẹ̀rù lè bà á lọ́jọ́ ìdánwò. Mo bá wá tábúlẹ́ẹ̀tì kan rà. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kọjá àfẹnusọ: òṣìṣẹ́ inú ẹ́ńjìnnì 8, RAM 8GB, ibi ìpamọ́ 256GB. Owó rẹ̀ kò sì ga. Inú mi dùn bí ẹni pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí ìyọnu fi dé. Bí ọmọ bá tẹ ìwé kan pé kó ṣí, á dúró títí, á tún dúró. Bó bá kúrò nínú ìbéèrè láti lọ wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, kó tó padà dé, ìbéèrè ti pa dé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo gbé e láti Òkè-Afá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún un ṣe. Ó gbé ohun kan wọ inú rẹ̀ tó máa ń yẹ inú ẹ̀rọ wò, ó sì fi hàn mí: òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́jọ, RAM rẹ̀ kò sì ju 2GB lọ. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Páálí lẹ rà, ẹ ò ra tábúlẹ́ẹ̀tì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ó là mí lójú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè, tí mo sì ń kà. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín fún yín kí a tó dìbò.

KÍ NI Ẹ́ŃJÌNNÌ TÁBÚLẸ́Ẹ̀TÌ?

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Kò sí ẹni tó máa ń wo ọ̀dà ara dáńfó kó tó ra dáńfó. Ẹ ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó ní kí wọ́n ta á síná, ẹ ó fetí sí i, ẹ ó wo èéfín rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà ní ẹ́ńjìnnì. Òun ni wọ́n ń pè ní processor. Kò tóbi ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣe gbogbo ìṣirò tó ń mú kí ìwé ṣí, kí àwòrán rìn, kí ohùn jáde.

Inú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí ni àwọn tí wọ́n ń pè ní core wà. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ẹ kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ nídìí tábìlì. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ní mẹ́rin, òmíràn ní mẹ́jọ. Ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń rí wa mú nìyí. Wọn á kọ “8 core” gàdàgbà sára páálí, àwa náà á sì rò pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: nínú ilé iṣẹ́ tiwa, ṣé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́jọ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀gá oníṣẹ́ méjì àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́fà?

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arm. Òun ló máa ń ya àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, bí ìgbà tí ọ̀gá télọ̀ bá gé àwòṣe aṣọ tí àwọn yòókù ń rán. Àwọn bíi MediaTek ní Taiwan, àti Unisoc, Rockchip àti Allwinner ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló ń gba àwòrán náà láti fi ṣe ẹ́ńjìnnì tiwọn. Orúkọ ni Arm fi ń ya òṣìṣẹ́ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Cortex-A53 jáde ní 2012. Cortex-A55 rọ́pò rẹ̀ ní 2017. Àwọn méjèèjì yìí ni mo pè ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: oúnjẹ wọn kò pọ̀, wọn kì í jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò yá. Cortex-A75 tó jáde ní 2017 àti Cortex-A76 tó jáde ní 2018 ni ọ̀gá oníṣẹ́.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì Unisoc tí wọ́n ń pè ní SC9863A ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, A55 ni gbogbo wọn. Unisoc kan náà ṣe T606: òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn jẹ́ A75. Helio G85 ti MediaTek ní A75 méjì àti A55 mẹ́fà. Helio G99 ti MediaTek ní A76 méjì àti A55 mẹ́fà. Lára páálí, “8 core” ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn dà bí ìyàtọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá àti bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìbàdàn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni irú Allwinner A133 wà, òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí gbogbo wọn jẹ́ A53.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́jọ kò lè pa pọ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀gá méjì ni? Nínú iṣẹ́ kan, wọ́n lè ṣe é. Bí a bá ń já ẹrù láti inú tírélà, bí èèyàn bá ṣe pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ṣe ń yá sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́jọ kò lè pa pọ̀ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, bíi kí a tẹ nǹkan kí ó ṣí, kí a ṣí ojú ewé ìwé, iṣẹ́ ojú abẹ́rẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn yòókù á káwọ́ gbera. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “mélòó ni wọ́n?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “báwo ni ọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ṣe yá tó?”

Ẹ̀tàn yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n nígbà rédíò. Láyé àwọn ọdún 1960, iye transistor tó wà nínú rédíò ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, àwọn oníbàárà sì gbà pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni rédíò ṣe dára tó. Kí ni àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe rédíò nígbà náà ṣe? Wọ́n ń jó transistor tí kò ṣiṣẹ́ kankan mọ́ inú rẹ̀, kí iye tí wọn yóò kọ sára rẹ̀ lè ga sí i. Rédíò kò sunwọ̀n sí i, páálí nìkan ló sunwọ̀n. Ohun tí wọ́n fi tan bàbá ni wọ́n tún fẹ́ fi tan ọmọ.

TÁBÌLÌ IṢẸ́ ÀTI SÍTỌ́Ọ̀

Ohun kejì ni RAM. Ẹ kà á sí tábìlì tí òṣìṣẹ́ ń tẹ́ iṣẹ́ sí. Bí tábìlì bá kéré, kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè mọ iṣẹ́ tó, á ní láti kó ti àkọ́kọ́ kúrò kó tó lè gbé ti èkejì lé e. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè ọmọ mi fi ń pa dé. Google fúnra rẹ̀ ní ẹ̀dà Android kan tí wọ́n ń pè ní Go, tó wà fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. Láti Android 13 tó jáde ní 2022, wọ́n sọ pé èyí tó kéré jù tí ẹ̀rọ Go gbọ́dọ̀ ní ni 2GB. Bí ẹ̀dà tí wọ́n dín iṣẹ́ rẹ̀ kù bá ń bèèrè 2GB, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí èyí tó pé máa bèèrè. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ wa kò gbọ́dọ̀ ra ohunkóhun tí RAM rẹ̀ bá dín sí 4GB.

Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n àrékérekè kan níbí. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ “8GB”, tí wọ́n sì fi lẹ́tà wínníwínní kọ “4+4” sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni tábìlì gidi. Mẹ́rin kejì, àyè ni wọ́n yọ nínú sítọ́ọ̀ tí wọ́n pè ní tábìlì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé inú sítọ́ọ̀ ló ti ń sáré lọ sáré bọ̀, ẹ mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe yá sí. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ kọ “4+4” rárá, wọ́n á kàn pa á pọ̀.

Ohun kẹta ni sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí ìwé, àwòrán àti fídíò ń sùn. Wọ́n máa ń kọ bó ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Irú méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní eMMC ni ilẹ̀kùn rẹ̀ há: ohun kan ni í gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹrù bá ń wọlé, èyí tó fẹ́ jáde á dúró. Èyí tí wọ́n ń pè ní UFS ni ìwọlé àti ìjáde lè jọ gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, eMMC ló sábà máa ń ní. Kò burú fún ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n bí sítọ́ọ̀ bá kún dé ẹnu, ẹ̀rọ náà á máa wọ́.

Ohun kẹrin ni ooru àti bátìrì. Àwa tí a ń gbé Òkè-Afá, Ìṣọlọ̀ àti Èjìgbò, ẹ ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fún yín. Wọ́n máa ń fi nanometer wọn bí àwọn nǹkan inú ẹ́ńjìnnì ṣe kéré tó. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan. Bó bá ṣe kéré tó ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń fi iná díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ tó, tí kì í sì í tètè gbóná. SC9863A jẹ́ 28, T606 àti G85 jẹ́ 12, G99 jẹ́ 6. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń gbóná, á dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná, bí awakọ̀ tó rí i pé rèdíétọ̀ ń hó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi máa ń yá ní ìsọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì ń fà nílé lẹ́yìn wákàtí kan.

ẸṢIN IWÁJÚ NI TI Ẹ̀YÌN Ń WÒ SÁRÉ

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ fi owó díẹ̀ ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní oṣù kẹwàá 2011, ìjọba ilẹ̀ Íńdíà gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní Aakash, ilé iṣẹ́ DataWind ló ṣe é. Wọ́n ní dọ́là 35 péré ni akẹ́kọ̀ọ́ máa san. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 366 megahertz lọ, RAM rẹ̀ jẹ́ 256MB, èèyàn sì ní láti fi agbára tẹ ojú rẹ̀ kó tó gbọ́. Bátìrì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ráhùn. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá 2012, ìjọba náà ti ní láti gbé Aakash kejì jáde, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 1 gigahertz, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 512MB, tí ojú rẹ̀ sì ń gbọ́ bí ìka bá kàn án fẹ́rẹ́. Ìyẹn ni pé láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, wọ́n ti padà ra ohun tí ì bá dára kí wọ́n ti kọ́kọ́ rà.

Nílé níbí, a rí Ọpọ́n Ìmọ̀. Ní oṣù kẹfà 2013 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé e jáde, pẹ̀lú èrò láti pín 150,000 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ọpọ́n Ifá ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ohun kan wà nínú ètò yẹn tó yẹ kí a kọ́, yálà a fẹ́ràn ìjọba náà tàbí a kò fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n tó pín in, wọ́n ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ti kó ìwé ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, àti ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, ọmọ kò ní láti ra dátà kó tó kàwé. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ìwé kíkà àti ìbéèrè dídáhùn, ẹ́ńjìnnì kékeré lè ṣe é dáadáa. Nítorí náà, n kò sọ pé ohun olówó pọ́ọ́kú kò dára. Mo ní kí a kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ náà, kí a tó wá ẹ́ńjìnnì tó tó o ṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì tí ètò ńlá bẹ́ẹ̀ kọ́ wa ni pé ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ parí. Ẹ̀rọ tí a pín lónìí, bátìrì rẹ̀ á rẹ̀ lọ́la, ojú rẹ̀ á fọ́, ìwé inú rẹ̀ á di ti àtijọ́. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀ẹ̀míì. Bí kò bá sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún un ṣe, abẹ́ ibùsùn ni yóò gbà lọ.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Láti 2024 ni òfin ti sọ pé owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Ká sọ pé tábúlẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦60,000, tó sì lo oṣù 12 kó tó kú. ₦5,000 la ń san fún un lóṣù nìyẹn. Ká sọ pé èkejì jẹ́ ₦120,000, tó sì lo oṣù 40. ₦3,000 lóṣù ni. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì? Ṣùgbọ́n bí èyí tó jẹ́ ₦60,000 bá wá kú ní oṣù keje ńkọ́, nígbà tí yíyọ owó ṣì ku oṣù márùn-ún? Oṣù márùn-ún la ó fi máa sanwó òkú. Ẹni tó ń gba ₦70,000 kò ní owó òkú lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní, ṣé kí a kúkú ra tòkúnbọ̀? Èmi kò ta kò ó. Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ láti ilé iṣẹ́ tó lórúkọ lè ní ẹ́ńjìnnì tó dára ju tuntun tí a kò mọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti gbó, ó sì lè jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ kan ló ni ín tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti tì í pa láti òkèèrè. Ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí wọ́n sì tún un tàn. Bó bá ń bèèrè orúkọ ẹni àtijọ́, ẹ dá a padà.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ wá ọ̀nà tí ẹ sì ń fi gba èrò, tiyín yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kò ní GPS rárá, òmíràn kò sì ní ojú síìmù. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe wù kó dára tó, kò lè mọ̀ bóyá Cele lẹ wà tàbí Òṣòdì. Ẹ fi síìmù tiyín sí i kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí 4G lójú rẹ̀, kí ẹ jáde síta kí ẹ rí i bóyá máàpù mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Gbogbo wa pátá, ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n tún ààbò rẹ̀ ṣe kẹ́yìn, ó wà nínú Settings. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà tú àṣírí iṣẹ́ ibi kan tí wọ́n sọ ní BADBOX: àwọn àpótí tẹlifíṣọ̀n Android àti tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí kòkòrò ti wà nínú wọn kí oníbàárà tó ṣí páálí. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ báńkì rẹ̀, olè ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́.

OHUN TÍ MO Ń BÈÈRÈ

Àbá tèmi nìyí, kí alága àti akápò jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìpàdé.

Èkíní, kí oníṣòwò náà fún ẹ̀ka wa ní mẹ́ta láti fi dánwò fún ọ̀sẹ̀ méjì: ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún ọmọ tó ń kàwé. Bí kò bá gbà, a ti mọ ìdí rẹ̀.

Èkejì, kí a gbé CPU-Z láti Play Store wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a ka orúkọ ẹ́ńjìnnì àti irú òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Ohun tó wà nínú Settings nìkan kò tó, àwọn ayédèrú kan ti kọ́ ọ láti purọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣí ìwé olójú ewé 300, kí a ṣí i sókè sódò. Kí a ṣí iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kí a sì padà sí èyí àkọ́kọ́. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tábìlì rẹ̀ kéré. Kí a da fídíò sínú sítọ́ọ̀ rẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí a sì wo gbogbo wọn padà. Sítọ́ọ̀ ayédèrú á gba ẹrù, ṣùgbọ́n kò ní lè dá a padà.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi fídíò sí i fún wákàtí kan. Bó bá jẹ 20 nínú 100 bátìrì rẹ̀, wákàtí márùn-ún ni agbára rẹ̀. Kí a fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìwé àdéhùn dárúkọ ẹ́ńjìnnì náà gan-an, kó sọ iye RAM gidi láìfi ti sítọ́ọ̀ kún un, kó sì sọ ẹni tí yóò tún un ṣe ní Èkó níbí títí a ó fi san owó tán. Bí ẹ̀rọ bá kú láìṣe ẹ̀bi oníbàárà, kí yíyọ owó dúró lọ́jọ́ náà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń bójú tó, kò fàyè gba kí ọlọ́jà fi irọ́ polówó ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ṣe fi hàn pé ó purọ́ bí a kò bá ní ohun tó ṣèlérí lákọsílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní aṣojú òṣìṣẹ́ yìí ti ń lọ́ ọ̀rọ̀ jù, àwọn ọmọ ń dúró. Òótọ́ ni, wọ́n ń dúró. Ọmọ tèmi náà ń dúró, ó ti ń yá ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ọdún méjì. Bí ẹnìkan nínú wa bá lọ sí ọjà, wọ́n lè rẹ́ ẹ jẹ. Bí gbogbo ẹ̀ka bá lọ pa pọ̀, tí a mọ ohun tí a ń wá, tí a sì ní owó gbogbo wa lọ́wọ́, ọlọ́jà ni yóò máa bẹ̀ wá. Ohun tí a ń ṣe nídìí owó oṣù ni kí a ṣe nídìí ọjà yìí náà: kí a jókòó, kí a bèèrè, kí a gbà á lákọsílẹ̀.

Ẹ wá sí ìpàdé o. Kí ẹni tó bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì nílé, ìbáà ti kú, gbé e dání wá. A óò jọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí a wo ohun tí wọ́n tà fún wa.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́ o.